Agbọ̀n Kan, Orúkọ Kan

Fóònù ìyàwó mi ṣì wà nínú ilé. Mo máa ń fi iná sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí iná bá wà. Kì í ṣe pé mo ń retí ìpè ẹnikẹ́ni. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti kú, gbogbo ẹni tó yẹ kó pè é ló sì ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí fóònù yẹn náà bá kú, èmi ni mo jẹ́ kó kú. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, nígbà tí mo ń múra oko, ó dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó pè é ní onípìn-ín wa ọ̀wọ́n. Ó ní ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìpín nínú rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì fẹ́ san owó ìpín oníkálukú fún un. Kí ó tètè lọ rí alágbàtà rẹ̀.

Mo gbé àdá sílẹ̀, mo jókòó. Mo tún un kà. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé ó ti kú.

Ohun tó ń sọ yé mi. Ó kàn pẹ́ tí mo ti gbé e kúrò lọ́kàn ni.

Ìyàwó mi ń ta obì. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin kan ni wọ́n jọ ń ṣe é, láti ìgbà tí kò tíì bímọ. Obì gbànja ni wọ́n ń lọ rà ní Ire àti ní àwọn abúlé oko. Wọn a bó o, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, wọn a kó ìyókù sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́. Ọkọ̀ tó ń kó obì lọ sí Òkè Ọya kì í gba ààbọ̀ agbọ̀n. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá kún, a dà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Agbọ̀n kan, orúkọ kan. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ sára àpò tí wọ́n fi rán ẹnu agbọ̀n. Òun ni awakọ̀ mọ̀, òun náà ni oníbàárà tó wà lọ́hùn-ún mọ̀.

Wọn kì í kọ iye obì ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí owó bá dé, wọn a jókòó, oníkálukú a fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ìpín tirẹ̀ sí etí ìyókù. Ẹnì kan kì í bi ẹnì kejì pé ṣé òótọ́ ni. Oní-agbọ̀n ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni tirẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó ṣẹ́ kù, a ní, “Ó kún,” ọ̀rọ̀ a sì tán síbẹ̀. Èyí ni pé bí ẹnì kan bá purọ́, oní-agbọ̀n ló máa jẹ gbèsè irọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi fi orúkọ ẹni tí wọ́n lè rẹ́ jẹ sára agbọ̀n. Ẹni tí ojú wọn yóò tì láti rẹ́ jẹ ni wọ́n ń yàn.

Ìyàwó mi ni oní-agbọ̀n wọn.

Ní àkókò tí gbogbo ayé ń ra ṣíà, ìyẹn ìpín ilé-iṣẹ́, ọkùnrin kan tó wọ táì ti Ìbàdàn wá sí Ìlá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ọ̀kan nínú wọn ló mú un wá. Iwájú ilé wa ló jókòó sí, àwọn obìnrin náà ń bó obì, wọ́n ń gbọ́ ọ. Èmi wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kàwé. Mo ti tó ọmọ ogójì ọdún nígbà náà, mo sì ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì pẹ̀lú àwọn ọmọ tó lè pè mí ní bàbá. Pákó ni mo ti ń là tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin náà ní ṣíà tí òun gbé wá kì í ṣe èyí tí wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí rédíò fún tẹrú-tọmọ. Ti àwọn èèyàn ńlá ni. Ọ̀nà-ọ̀nà ni wọ́n pín in, ogún ọ̀nà ló sì kéré jù tí èèyàn lè rà, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn.

Àlàájà tó dàgbà jù láàrin wọn gbójú sókè. “Ṣé ọkọ̀ tiyín náà kì í gba ààbọ̀ agbọ̀n ni?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá.”

Nítorí náà, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n da owó pọ̀, wọ́n ra ogún ọ̀nà, wọ́n sì kọ orúkọ ìyàwó mi sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Ọdún kan lọ, òmíràn dé. Kò sí èrè, kò sì sí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ wọn. Nọ́ńbà ọkùnrin oní-táì kò lọ mọ́. Àwọn obìnrin náà kò bi ìyàwó mi ní nǹkan kan, nítorí ẹnikẹ́ni kì í bi oní-agbọ̀n léèrè nígbà tí ọkọ̀ kò tíì dé. Àpárá nìkan ni wọ́n ń dá. Bí ẹnì kan bá ní kí ni ìròyìn ṣíà, ẹlòmíràn a dáhùn pé, “Ọkọ̀ bà jẹ́ ní Jẹ́bà.” Wọn a rẹ́rìn-ín. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti lọ tán, ìyàwó mi a jókòó ti pẹpẹ obì fún ìgbà pípẹ́ láìbó ẹyọ kan.

Ní ọdún tí mo fẹ́ parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, owó há. Mo ti ń ronú àtipadà sídìí pákó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé owó ilé-ìwé mi lé orí tábìlì. Ó ní, “Ẹ lọ san án.” Mi ò bi í níbi tó ti rí i. Àwa méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àìsàn tó pa á kò fún wa láyè. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa agbọ̀n yẹn, ó bá a lọ.

Mo tọrọ àyè ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Òkè-Ìlá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ọ́fíìsì alágbàtà tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà dárúkọ wà lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn, ó kéré sí ọmọ tèmi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó fún mi ní omi. Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹni tó ní orúkọ náà ti kú, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi fún ìyẹn.

“Ta ni mo ní láti rí?” mo bi í. “Mi ò fẹ́ máa rìn káàkiri.”

Ó ní àwọn tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò papọ̀. Alágbàtà, bí àwọn, ló ń bá èèyàn rà, tó ń bá èèyàn tà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló bá kọ́ńpìnnì gbé ìpín náà jáde níbẹ̀rẹ̀. Òmíràn ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ní in àti iye tí oníkálukú ní. Òmíràn ń tọ́jú ìpín náà fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí. Àjọ ìjọba kan sì wà lókè tó ń ṣọ́ gbogbo wọn kí wọ́n má baà rẹ́ aráàlú jẹ.

Ó yé mi. Òwò obì náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń di agbọ̀n kọ́ ló ń wa ọkọ̀.

“Nínú gbogbo wọn,” mo ní, “ta ló mọ̀ pé èèyàn márùn-ún ló wà lẹ́yìn orúkọ yìí?”

“Èèyàn márùn-ún báwo, sà?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi dópin. Ó wá yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó fi ìka hàn mí.

“Ẹ wò ó. Ìsọ̀rí méjì ni òfin pín olùdókòwò sí. Àwọn kéékèèké wà, bí èmi, bí ẹ̀yin. Àwọn wọ̀nyẹn ni òfin ń ṣe ọgbà yí ká. A gbọ́dọ̀ ṣàlàyé gbogbo ewu fún wọn, ọjà tí ìjọba ti yẹ̀ wò ni a sì gbọ́dọ̀ tà fún wọn. Àwọn ńlá sì wà, àwọn olówó gọbọi, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Òfin gbà pé àwọn yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àti pé bí wọ́n bá pàdánù, ebi kò ní pa wọ́n. Àwọn nìkan ni wọ́n ń ta irú ìpín yìí fún.”

“Ìyàwó mi ńkọ́?”

“Àárín àwọn ńlá ni wọ́n kọ màmá sí, sà. Olówó gọbọi.”

Mo wo orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ìró tí wọ́n fi bò ó nínú pósí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fúnra rẹ̀ rán etí rẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa àwọn mẹ́rin yòókù, sà,” ọmọbìnrin náà ní. “Orúkọ kan ṣoṣo la rí. Lójú òfin, ti màmá ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ máa gba ìwé àṣẹ ní kóòtù, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sì máa fọwọ́ sí i. Bí owó bá ti dé ọwọ́ yín, ohun tí ẹ bá fi ṣe, kò kàn wá.”

Mo padà sí Ìlá ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi obìnrin ti dé láti Ìlọrin, òun àti ọmọ rẹ̀ tó ń mu ọmú. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, owó ilé sì ti pé. Mo sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi.

“Bàámi,” ó ní, “lójú òfin, tiwa ni.”

“Lójú òfin, bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ló wá ṣẹ́ kù?”

“Ohun tí wọ́n á máa pe ìyá rẹ.”

Ó ń mi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò wò mí. “Ìyá mi ti kú, Bàámi. Àwa la wà láyé.”

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ń rí i lọ́kàn mi: ní ọjọ́ tí àwọn obìnrin yẹn bá gbọ́ pé a gba owó náà, wọ́n á máa bó obì, ọ̀kan á ní, ẹni tí a fi agbọ̀n sí lọ́wọ́ gbé agbọ̀n lọ. Òun kò sì sí níbẹ̀ láti fèsì. Orúkọ nìkan ló fi sílẹ̀. Bí mo bá jẹ́ kí èyí dọ̀tí, kò sí ohun rẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ mi tí mo lè tọ́jú.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé Àlàájà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, mà. Ọkọ̀ ti dé láti Jẹ́bà.”

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. “Ẹ̀yin lẹ wá sọ ọ́,” ó ní. “Ẹ̀yin fúnra yín. A ti gbà pé owó náà ti bá a wọlẹ̀. Àmáánà ni, ọkọ wa, ohun tí a fi sí i níkàáwọ́. Ọlọ́run á fún un ní ìsinmi.”

Wọ́n pé sí iwájú ilé wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gbé àga fún wọn síbi tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí, láìsí ẹni tó jókòó lórí ibi tirẹ̀ gan-an. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

“Ọkọ wa, ẹ ti gbẹ,” ọ̀kan nínú wọn ní, ẹni tó ń dá àpárá jù. “Ẹ rí bí obì tó kù sídìí agbọ̀n. Ṣé ẹ kì í jẹun ni?”

“Mo ń jẹun.”

“Irọ́. Gààrí lásán lẹ ń jẹ. Ìyàwó yín ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé bí òun bá kú, gààrí ló máa sin yín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń wo ara wọn, nítorí wọ́n mọ ohun tí wọ́n wá ṣe, kò sì sí oní-agbọ̀n láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àlàájà ní, “Ọkọ wa ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn dípò rẹ̀. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?”

Wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn.

“Ogún ọ̀nà ni,” mo ní.

Àlàájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Márùn-ún ni tèmi.”

Ẹni tó tẹ̀ lé e, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní, “Mẹ́ta.”

Ẹni tó ń dá àpárá ní, “Márùn-ún. Ọkọ mi bá mi jà títí lórí rẹ̀, ó ti kú báyìí, kò mọ̀ pé ọkọ̀ máa dé.”

Ó ṣẹ́ ku méje. Olùkọ́ ni mí, mi ò lè ṣe kí n má rò ó. Mo gbọ́ tí ọmọ mi mí sókè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ṣẹ́ kù nínú wọn ni ọ̀rẹ́ ìyàwó mi tímọ́tímọ́. Òun ló wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú. Ọwọ́ rẹ̀ ń tú ìdí ìró rẹ̀, ó tún ń dì í.

“Méje,” ó ní.

Àlàájà yí etí sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ẹni tó ń dá àpárá ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ti rò ó bí mo ṣe rò ó. Oní-agbọ̀n kò lè máà ní nǹkan kan nínú agbọ̀n ara rẹ̀. Wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Àfi bí ó bá ti ní, tó sì ti tà á fún ẹlòmíràn nínú wọn. Ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀. Láàrin ẹni méjì ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni kẹta kì í gbọ́. Mo rántí owó ilé-ìwé tó gbé lé orí tábìlì.

Obìnrin náà kò gbójú sókè. Bí mo bá bi í, yóò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í, mo ti pè é ní òpùrọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, èmi tí mo jókòó ní ipò ẹni tí kò bi ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ mi ní, “Bàámi.”

Mo ní, “Ó kún.”

Àlàájà dáhùn pé, “Ó kún.” Àwọn yòókù náà sọ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní méje ló sọ ọ́ kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dì mí lọ́wọ́ mú, kò sì tètè jù ú sílẹ̀. Bóyá ìtìjú ni. Bóyá ìkẹ́dùn ni. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lára ọwọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọ mi ń gbá èèpo obì tí kò sí. Ilẹ̀ mọ́, ó ń gbá a.

“Ẹ ò bi í.”

“Wọn kì í bi í.”

“Méje, Bàámi. Nǹkan ìyá mi wà níbẹ̀.”

“Ó lè wà níbẹ̀.”

“Ó lè wà níbẹ̀,” ó tún un sọ bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ìgbálẹ̀ jù. “Ẹ̀yin àti ìyá mi. Ẹ ò ní bi ara yín ní nǹkan kan títí ayé fi parí.”

Ó fọwọ́ sí ìwé kóòtù náà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó bá mi lọ, ó sì fọwọ́ sí i. Owó jáde lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo sì mú ti oníkálukú lọ bá a nílé rẹ̀. Ọmọ mi padà sí Ìlọrin. Ilé tí wọ́n kó lọ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá pè mí, ọmọ rẹ̀ ló ń gbé fóònù fún. Òun fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ lórí rẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tún wọ inú fóònù ìyàwó mi. Ó ní wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn onípìn-ín, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà kò dún mọ́. Mo ṣì ń fi iná sí i.

Nígbà tí obì tuntun jáde, mo ń ti Òkè-Ìlá bọ̀ lórí ọ̀kadà, a sì dé ibi tí ọkọ̀ Òkè Ọya ti ń di ẹrù. Àwọn agbọ̀n wà nílẹ̀, wọ́n ti rán ẹnu wọn. Mo rí orúkọ ìyàwó mi lára ọ̀kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni, dúdú rẹ̀ ṣì ń dán. Mo ní kí ọlọ́kadà dúró.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń rán agbọ̀n tó tẹ̀ lé e. Ó rí mi, ó dìde.

“Ọkọ wa, ṣé kò bí yín nínú? Awakọ̀ kò mọ orúkọ mìíràn. A sì ní kò sí ẹni tí a tún máa kọ.”

Mo ní kò bí mi nínú.

“Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la fẹnu kò,” ó ní. Ó fọwọ́ kan orúkọ náà. “Èmi ni mo kọ ọ́.”

Mo wo bó ṣe kọ ọ́. Ó fara balẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹni tó bá rẹ́ èèyàn jẹ lè kọ orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn náà lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn alábàárù gbé agbọ̀n náà sókè. Mo dúró títí ọkọ̀ fi kún. Lẹ́yìn náà mo sọ fún ọlọ́kadà pé kí a máa lọ.